ÌLỌRIN NÍ ÀSÌKÒ ÒJÒ, ÀTI EÉWO TÍ Ó NÍ ÌDIN NÍNÚ

Ìlọrin tó ìlú tí à ń lọ wò. Wàrà àwọn Fúlàní ń bẹ nínú igbá ní Ọjà Ọba. Bí ẹ bá dé Òkèlele, ẹ óò rí àwọn obìnrin tí ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò. Odò Àsà la ìlú kọjá, Òkè Sóbí sì ń wò wọ́n láti òkèèrè.

Àkókò ìsinmi ilé-ìwé ni èmi àti ìyàwó mi lọ síbẹ̀, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ìyá oníṣòwò kan, aládùúgbò wa ní Ìbàdàn, bá wa lọ láti ra aṣọ òfì, ó pọn ọmọ rẹ̀ dání. Ilé àna mi ni gbogbo wa wọ̀. Bí ó bá fọ aṣọ ọmọ, orí koríko lábẹ́ igi máńgòrò ni ó ń sá a sí. Bí ó bá ti gbẹ díẹ̀, a fi wọ ọmọ.

A padà sí Ìbàdàn láyọ̀. Kò pẹ́ tí eéwo méje fi yọ sí ẹ̀yìn àti ìdí ọmọ náà. Ọmọ kò sùn, ìyá kò sùn. Ni wọ́n bá ní ìyálé rẹ̀ tí ó gbé ọmọ lọ́jọ́ tí a dé ni ó ṣe é. Ẹbí pé jọ, wọ́n fẹ́ lé ìyálé jáde. Nọ́ọ̀sì kan ni ó kó o yọ. Ó fi Vaseline dí ojú eéwo kọ̀ọ̀kan, ó dúró títí, ó sì rọra fún wọn. Méje ni eéwo, méje ni ìdin! Ìyàwó kúnlẹ̀, ó bẹ ìyálé.

Eṣinṣin tí àwọn òyìnbó ń pè ní tumbu ni ó ni ìdin náà. Ó máa ń yé ẹyin tí ó tó 300 sí ilẹ̀ iyanrìn níbi òjìji, tàbí sára aṣọ tútù. Ẹyin a pa láàrin ọjọ́ 1 sí 3. Bí ìdin bá gbọ́ ooru ara ènìyàn tàbí ajá, a wọlé, a sì dàgbà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ 8 sí 12. Ihò kékeré tí ó wà lórí eéwo ni ó fi ń mí. Ìdí nìyí tí Vaseline fi ń lé e jáde.

Kì í ṣe ẹ̀bi Ìlọrin. Eṣinṣin yìí wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Láti 1862 ni àwọn dókítà Faransé ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn arìnrìn-àjò a sì máa gbé e dé London. Nítorí náà, ẹ sọ ibi tí ẹ ti dé fún dókítà yín.

Ẹ sá aṣọ sórí okùn nínú oòrùn, ẹ má sá a sórí koríko. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ tinú-tòde rẹ̀, pàápàá aṣọ ọmọ. Ẹ má fi agbára fún eéwo náà, kí ìdin má baà bẹ́ sínú.

Àwọn àgbà ní "ìlọ-irin" ni ó di Ìlọrin, nítorí òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀. Wọ́n lọ irin. Kí àwa náà fi irin lọ aṣọ, kí a tó na ọwọ́ sí ìyálé ẹnikẹ́ni.