Ta Ni Yóò Ni Iná Ojú Ọ̀run?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí ni kò lè gbàgbé fìtílà tí a fi ń kàwé lálẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀ràn iná mànàmáná ti gbà mí lọ́kàn, títí ó fi sọ mí di olùkọ́ físíìsì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iná kan tí kò tíì dé ilé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń wá ọ̀nà láti mú wá láti gbalasa òfurufú.

Ní ọdún 1968 ni ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà kan, Peter Glaser, gbé ìmọ̀ràn náà jáde. Ó ní kí a gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà lọ sókè agbedeméjì ayé, ní nǹkan bí kìlómítà 36,000, níbi tí sátẹ́láìtì ti ń bá ayé yí po ní ìwọ̀n kan náà, tí ó fi dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Níbẹ̀ kò sí ìkùukùu, kò sí ọyẹ́. Àyàfi fún ìgbà díẹ̀ lóru, ní àwọn ọjọ́ kan ní àyíká oṣù Máàṣì àti Sẹ̀tẹ́ńbà, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀. Agbára tí a bá kó jọ yóò di ìgbì bíi ti rédíò, a ó darí rẹ̀ sí pápá antẹ́nà nílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti padà di iná.

Èyí kì í ṣe àlá lásán. Ní 2015, àwọn ará Jàpáánì fi ìgbì tí agbára rẹ̀ tó kìlówáàtì 10 ránṣẹ́ sí ibi tí ó jìnnà tó mítà 500, apá kan rẹ̀ sì tan iná níbẹ̀. Ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pawọ́ pọ̀ fọwọ́ sí ìwádìí tí wọ́n pè ní SOLARIS. Ní 2023, ẹ̀rọ kékeré tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Caltech gbé lọ sókè darí ìgbì díẹ̀ wá sílẹ̀, wọ́n sì rí àmì rẹ̀ gbà lórí òrùlé ní Pasadena.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni yóò ni iná náà?” Ìbéèrè yìí jinlẹ̀. Ọ̀nà tí irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ yí ayé ká, ìgbì rédíò pẹ̀lú sì níwọ̀n. Àjọ ITU, tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ni ó ń rí sí àyè àti ìgbì, kí ti ẹnìkan má baà dí ti ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àdéhùn ọdún 1967 sọ pé orílẹ̀-èdè kankan kò lè sọ òfurufú di ohun ìní tirẹ̀, àti pé fún àǹfààní gbogbo orílẹ̀-èdè ni kí a máa lò ó. Síbẹ̀, ní 1976, àwọn orílẹ̀-èdè kan tí agbedeméjì ayé gba ilẹ̀ wọn kọjá, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà láàrin wọn, pàdé ní Bogotá, wọ́n ní tiwọn ni apá ọ̀nà náà tí ó wà lókè ilẹ̀ wọn. Ayé kò gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù asán: ẹni tí ó bá tètè dé ibi ìpín ni í mú èyí tí ó wù ú.

Àwa náà ti tọ́ àjùmọ̀ṣe òfurufú wò. Ní 2003 ni NigeriaSat-1 gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, nínú ẹgbẹ́ tí Àlùjéríà, Tọ́kì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní 2005, ó wà lára àwọn tí ó fi àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́. Amẹ́ríkà ńlá gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ wa! Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní ti iná ojú ọ̀run, kí ni a ní tí a lè mú wá? A sún mọ́ agbedeméjì ayé. Ìgbì tí ó bá ti ibẹ̀ wá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ilẹ̀ wa ní òòró, nítorí náà pápá antẹ́nà wa lè kéré sí ti àwọn ará Yúróòpù. Òótọ́ ni pé owó iṣẹ́ náà pọ̀, kò sì yẹ kí a torí ti ọ̀run pa sólà orí òrùlé tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin ọjà, oníbàárà lásán ni yóò jẹ́ nígbà tí ọjà bá kún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ físíìsì àti ìṣirò. Ẹ kọ́ òfin pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rọ̀ òfin ni ìpín. Nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn tí yóò jókòó síbi ìpín náà, kí ẹnìkan láti ilé-ẹ̀kọ́ yìí lè dáhùn pé òun wà níbẹ̀.