Akọ Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó àti Ọmọ Kíláàsì Wa

Àwa tí a ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ SVT ní CEG kan ní ẹkùn Plateau, èdè Faransé ni a fi kọ́ wa, òun náà ni a sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ yín. Ó lé ní ọdún 18 tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ́ kan wà tí a máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí ó tẹ ẹ̀yinná: bí ara akọ ṣe ń dàgbà títí yóò fi lè bímọ.

Kí ojú má baà tì wá, ẹranko ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tí ó wà nínú ìwé tí a jogún lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó ṣáájú wa ni sanglier, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ilẹ̀ Faransé. Kò sí ẹni tí ó rí i rí nínú kíláàsì náà, àtolùkọ́ àtakẹ́kọ̀ọ́. Ìmàdò tí ó wà ní igbó Pendjari jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.

Ní ọdún kan, ọmọkùnrin ọlọ́dún 16 kan gba 17 nínú 20 nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ náà. Ó kọ puberté, ó kọ testostérone, ó ya kóró ẹpọ̀n, ó sì fi ọfà tọ́ka sí ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà. Àmì kan kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Faransé rẹ̀. Kí ọdún ẹ̀kọ́ náà tó parí, ọmọbìnrin kan ní ilé-ìwé kan náà ti lóyún fún un. Àwọn méjèèjì fi ìwé sílẹ̀. Nígbà tí a lọ bá àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi àga fún wa, ó fún wa lómi, ó ní: « Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè fún obìnrin lóyún, ọkùnrin ni. Kí ló tún kù? »

A mu omi náà, a kò sì rí èsì fọ̀. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé èsì náà wà nínú ẹ̀kọ́ tí àwa fúnra wa ń kọ́. Èdè Faransé ni ó há sí.

Bí akọ ẹlẹ́dẹ̀ igbó bá rí oúnjẹ jẹ dáadáa, ní nǹkan bí oṣù 10 ara rẹ̀ ti lè ṣe àtọ̀ tí ó lè sọ abo di aboyún. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ọdẹ Faransé ń pè é ní ọjọ́ orí yẹn? Bête rousse, nítorí pé irun ara rẹ̀ ṣì pupa. Kò tíì pẹ́ tí ilà tí a fi bí i pa rẹ́ lára rẹ̀, nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ marcassin. Bí ó bá pé ọdún kan, ó di bête de compagnie. Lẹ́yìn ọdún méjì, ragot. Ní ọdún 3, tiers-an. Ní ọdún 4, quartanier. Orúkọ mẹ́fà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí akọ kan ṣoṣo tó dàgbà! Láàárín ọdún kìíní sí ìkejì ni ó ń kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gùn, awọ èjìká rẹ̀ ṣì ń nípọn bí asà, nítorí pé láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, nígbà tí àwọn akọ ń wá abo, ìjà ni. Àwọn àgbà akọ a máa lé e sẹ́yìn. Ó ti lè bímọ, ṣùgbọ́n àyè kò tíì sí fún un.

Níbi tí àwọn ọdẹ bá ti pa àwọn àgbà akọ tán, àwọn kékeré ni ó ń gùn. A ronú lórí èyí púpọ̀, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ bàbá ti bá owó lọ sí Èkó àti Libreville.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a ti pe « ẹpọ̀n », kíláàsì rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin kan nawọ́: « Ọ̀gá, nígbà tí akọ bá ti gùn tán, ta ni ó ń tọ́ àwọn ọmọ? » A ní ìyá wọn ni, akọ ti bá tirẹ̀ lọ. Ó wò wá, ó wo àwọn ọmọkùnrin tí ó jókòó lẹ́yìn, ó ní: « Ẹ̀kọ́ yìí kò wá dára nìyẹn. » Òtítọ́ ni ó sọ. Ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ bá wa dé nìyẹn; a pa ìwé dé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ènìyàn.

Ọmọkùnrin ìjọ́sí ń wa zémidjan báyìí. Ní oṣù tó kọjá ó gbé wa láti ọjà dé ilé, kò sì gba owó. Ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí maternelle. Ó béèrè bóyá a ṣì ń kọ́ wọn ní ti ẹlẹ́dẹ̀ igbó yẹn. A ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní èdè wa ni báyìí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ọ̀pá ìdúró alùpùpù rẹ̀ ká sókè.

« Ìgbà wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀? »

A sọ ọdún náà fún un.