Owó Ọ̀kadà Lẹ́yìn KTM

Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2024, KTM, ilé-iṣẹ́ alùpùpù ìlú Mattighofen ní Ọ́stríà, wọ ilé-ẹjọ́ lọ láti sọ pé gbèsè ti mu òun dé ọrùn. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré. Àwọn agunlùpùpù rẹ̀ ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́pọ̀ ìgbà nínú motocross, eré ìje orí iyẹ̀pẹ̀ tó kún fún kòtò àti òkìtì. Bajaj ti Íńdíà, tó ti ní ìpín nínú KTM láti ọdún 2007, ló dìde yọ ọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 2025, owó tó gbé kalẹ̀ lápapọ̀ ti di 800 mílíọ̀nù Yúrò.

Bajaj yìí kan náà ni o. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní Ìkìrun lọ sí Ìnísà tàbí Òkukù, Boxer tí Bajaj ṣe ni ọlọ́kadà sábà máa ń fi gbé e. Ó ń gbé èrò, ó ń gbé àpò gààrí, ó ń wọ ọ̀nà oko tí mọ́tò kò lè gbà. Nàìjíríà wà lára àwọn ọjà tó tóbi jù lọ fún Bajaj lẹ́yìn odi Íńdíà, nítorí náà owó táwọn ọ̀dọ́ ń san díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀kadà wà nínú agbára tó gbé KTM dìde. Ṣàṣà lẹni tó ń sọ ọ́.

Láyé àtijọ́, ilé-iṣẹ́ alùpùpù ló ń ru gbogbo ẹrù eré motocross. Suzuki ṣe alùpùpù àkànṣe fún Joël Robert ará Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì gba ife àgbáyé ní 1970, àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ Japan kankan. Roger De Coster tẹ̀lé e, ó gba márùn-ún láàárín 1971 sí 1976. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà rárá: irin fúyẹ́fúyẹ́, owó gegere. Ní 1986, AMA, àjọ tó ń darí eré náà ní Amẹ́ríkà, fòfin de é, wọ́n ní èyí tí aráàlú lè rà ni kí wọ́n tún ṣe fi sáré. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

De Coster yìí náà ló wá darí ẹgbẹ́ KTM ní Amẹ́ríkà, níbi tí agunlùpùpù Ryan Dungey ti gba ife supercross, ìyẹn motocross inú pápá ìṣeré, ní 2015, 2016 àti 2017.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ń fà sẹ́yìn. Suzuki pa ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sáré motocross àgbáyé tì lópin 2017. Yamaha gbé ẹgbẹ́ kíláàsì ńlá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ẹgbẹ́ aládàáni Star Racing lọ́wọ́ láti 2021. Nígbà tí agunlùpùpù Ken Roczen gba ipò kìíní nínú supercross ní Indianapolis ní 2023, Suzuki ló gùn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ aládàáni ló ni ín. Ilé-iṣẹ́ ń kó alùpùpù àti ẹ̀yà ẹ̀rọ wá. Olówó ẹgbẹ́ ni yóò wá onípolówó kiri láti fi san ìyókù.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dunni ni pé ìmọ̀ alùpùpù pọ̀ nílẹ̀ wa, níbi tí Bajaj ti ń rí owó. Mẹkáníìkì abẹ́ igi ní Ìkìrun tú ẹ́ńjìnnì Boxer, ó tún un tò, ó sì jí. Ọlọ́kadà ń la ẹrẹ̀ oko Òkukù kọjá nínú òjò, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Bajaj tó ń rówó fún ẹgbẹ́ KTM lè ṣe pápá ìje kan síhìn-ín, kí ó fi kíláàsì Boxer bẹ̀rẹ̀, kí ó bá Póli Ìrèé tó wà nítòsí dá ẹ̀kọ́ àtúnṣe sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ni, kì í ṣe àánú.