Láptọ́ọ̀pù Ẹgbẹ́, Ìyá Àgbà, àti Ẹjọ́ Tí Mo Jẹ̀bi

Nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ nǹkan fún ẹ̀dà yìí, ohun tó fẹ́ ni kí n ṣàlàyé bí a ṣe tún Wi-Fi láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ ṣe ní táàmù tó kọjá, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè mọ̀ ọ́n. Màá ṣàlàyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́ kí n yọ ara mi kúrò níbẹ̀, torí èmi gan-an ni mo da ọ̀rọ̀ náà rú.

Gbogbo yín lẹ mọ láptọ́ọ̀pù ọ̀hún. Dell Latitude dúdú kan ni, ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ nígbà tó ra tuntun. Bátìrì rẹ̀ kì í gbé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí NEPA bá ti mú iná lọ, òun náà ti bá wọn lọ nìyẹn. Lẹ́tà E rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́ kó tó jáde, ẹ sì wo iye E tó wà nínú èdè Yorùbá! Síbẹ̀, orí rẹ̀ la ti ń tẹ ìwé ìròyìn yìí.

Ọ̀fà ni ìyá àgbà mi ń gbé báyìí, ìyá tó bí bàbá mi. Ṣùgbọ́n Sabon Gari, ní Zaria níbí, ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Rélùwéè ni bàbá àgbà ń bá ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1912 ni ọ̀nà rélùwéè ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò, ó gba Ọ̀fà kọjá, ó sì gba Zaria náà kọjá. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé àwọn ará Ọ̀fà pọ̀ nílẹ̀ Hausa. Ìgbà tí bàbá àgbà fẹ̀yìn tì ni wọ́n padà sílé. Ìyá àgbà mọ oríkì, wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki èèyàn, ẹni náà á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. Mo sọ fún màmá ẹgbẹ́ wa, inú wọn dùn. A fi àdéhùn sí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Àbúrò bàbá mi ni yóò di fóònù mú fún ìyá àgbà ní Ọ̀fà, àwa á sì gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè máa wò wọ́n.

Ọjọ́ Sátidé yẹn, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku Danmagaji ti kun gbogbo wíńdò. A tan láptọ́ọ̀pù, àmì Wi-Fi ní ìsàlẹ̀ fa ìlà pupa. Màmá ẹgbẹ́ tan hotspot fóònù wọn, kò rí i. Kò rí nẹ́tíwọ̀kì kankan rárá. A pa á, a tún un tàn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ní bóyá ìjọba ti pa nẹ́tíwọ̀kì bíi ti ọdún 2021, nígbà tí wọ́n pa á láwọn apá ibì kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹlòmíràn ní wáyà abẹ́ òkun ló tún já bíi ti oṣù kẹta ọdún 2024. Fóònù màmá ẹgbẹ́ sì ń ṣiṣẹ́ lójú wa, ó ń gba WhatsApp wọlé gbọ̀ngbọ̀n! Ibẹ̀ ló yẹ ká ti mọ̀ pé ẹ̀rọ wa ló ní àrùn, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì.

Wọ́n fi fóònù pe Ọ̀fà. A ní kí ìyá àgbà kúkú máa ki wa bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní rárá o, àwọn kò ní ki ẹni tí àwọn kò rí ojú rẹ̀. Kí a tó mọ ohun tí a máa sọ, iná lọ.

Ibi tí mo ti ṣe ohun tí n kò yẹ kí n ṣe nìyí. Àbúrò wa kan wà ní JSS 2. N kò ní dárúkọ rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun ló lo láptọ́ọ̀pù náà kẹ́yìn ní Ọjọ́bọ̀, ó ń tẹ àlọ́ ìjàpá rẹ̀. Màmá ẹgbẹ́ bi mí pé, "Akọ̀wé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ yìí?" Ojú ń tì mí, gbogbo ẹgbẹ́ ń wò mí, ìyá àgbà mi ló sì ń dúró. Mo na ìka sí i. Mo ní òun ló tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Ó ní, "Síníọ̀, mo pa á dáadáa, mo sì gbé e fún yín." Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́ títí a ó fi wádìí. Kó tó di alẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: Ba-Wáìfáì-Jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí orúkọ ṣe ń ràn nínú ilé ìwé tí a ti ń sùn, kò yàtọ̀ sí iná nígbà ọyẹ́. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nídìí omi, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lórí ìlà oúnjẹ. Èmi náà gbọ́, mo sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú, a gbà mí láyè láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní aṣọ òfì ni ìyá àgbà wọ̀ láti aago mẹ́jọ, wọ́n wé gèlè, wọn ò jẹun títí di ọ̀sán. Wọ́n ní bóyá àwọn ọmọ náà ti rí nǹkan mìíràn ṣe. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Màmá ẹgbẹ́ ṣàpèjúwe àìsàn láptọ́ọ̀pù náà fún oníṣẹ́ ọwọ́ kan lórí fóònù. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ fojú kàn án tó fi ní káàdì Wi-Fi rẹ̀ ti jóná, ká mú owó wá. Iye tó pè, ohun tó wà lápò ẹgbẹ́ kò tó ìdajì rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gbé e wá lálẹ́ Ọjọ́rú, kí ẹ sì mú ẹni tó lò ó kẹ́yìn dání." Bí èmi àti àbúrò yẹn ṣe jọ rìn lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà nìyẹn, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá kọ́kọ́ ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Device Manager. Ibẹ̀ ni Windows ti ń to orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ikùn kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá káàdì Wi-Fi lọ, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbàgà. Wọ́n ní tí káàdì bá ti jóná, lọ́pọ̀ ìgbà kì í lè dárúkọ ara rẹ̀. Tí àmì òfééfèé tó ní ìlà kan láàárín bá wà lára orúkọ náà ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ dírafà, ìyẹn ògbufọ̀ tó wà láàárín Windows àti káàdì. Bí ògbufọ̀ kò bá sí, Hausa ń sọ tirẹ̀, Yorùbá ń sọ tirẹ̀. Ti wa kò ní àmì kankan. "Ara ẹ̀ le," ọ̀gá wí, "ẹnì kan ló pa á lẹ́nu mọ́."

Àbúrò yẹn gbé ohùn jáde pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù tí màmá mi ti ń tẹ̀wé ní Samaru. Ó ní súwíìṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ọ̀gá yí láptọ́ọ̀pù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lóòótọ́, súwíìṣì kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná ọmọ-ìka lọ, dúdú lórí dúdú. Wọ́n fi èékánná sún un síwájú. Iná kékeré kan tàn, àmì pupa yẹn sì parẹ́. Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ pọ̀ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kí èèyàn lè fi ọwọ́ pa Wi-Fi nínú bàálù tàbí kó fi tọ́jú bátìrì. Tí ó bá sì ti wà ní pípa, kò sí ohun tí èèyàn lè tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà tó máa tàn án.

Ọ̀gá wá béèrè pé, "Ta ló gbé e láti họ́sítẹ́ẹ̀lì wá sí kíláàsì ní ọjọ́ Sátidé?" Èmi ni. Mo ki í bọ báàgì mi láàárín ìwé Bayọ́lọ́jì àti àpótí máàtì, mo sì tún fi orúnkún tì í kí síìpù lè pa dé. Ẹ̀gbẹ́ tí ìwé Bayọ́lọ́jì wà gan-an ni súwíìṣì yẹn wà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àbúrò yẹn náà mọ̀, torí ó wo báàgì, ó wò mí, ó sì gbé ojú kúrò. N kò sọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí náà.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Láptọ́ọ̀pù ti ń rí Wi-Fi ilé àwọn tíṣà, ṣùgbọ́n kò rí hotspot màmá ẹgbẹ́. Fóònù tuntun ni wọ́n rà nígbà Kérésì. Ọ̀gá ní fóònù náà ń sọ̀rọ̀ lórí 5 GHz, 2.4 GHz nìkan sì ni káàdì wa mọ̀. Ìgbì 2.4 GHz máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń la ògiri kọjá dáadáa. 5 GHz yára, àmọ́ ògiri tètè ń dá a dúró. Wọ́n wọ sẹ́tíìnì hotspot, wọ́n dá a padà sí 2.4, ó sì yọjú. Wọ́n ní ká tún máa wo irú àgádágodo tó wà lórí hotspot: WPA3 dé ní ọdún 2018, ẹ̀rọ àtijọ́ sì lè má mọ̀ ju WPA2 ti ọdún 2004 lọ.

A ti wọlé báyìí, a rò pé ó tán. A ṣí ojú ìwé kan, ó ní kò sí ààbò. A ṣí òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọ̀gá na ìka sí igun ìsàlẹ̀: láptọ́ọ̀pù wa gbà pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 la wà! Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà, rìbìtì bíi kọ́ìnì, CR2032 lọ̀pọ̀ ń lò. Òun ló ń ka aago nígbà tí iná kò bá sí. Tiwa ti kú, bátìrì ńlá sì ti kú ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ojú ìwé tó ní ààbò ló sì ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà ní ọdún 2009 á wo ìwé ẹ̀rí tọdún yìí, á ní wọn ò tíì bí i. Ó sì tọ̀nà lójú tirẹ̀! A tún ọjọ́ ṣe, gbogbo rẹ̀ ṣí. A ra bátìrì kékeré náà lọ́jọ́ kejì, owó tó wà lápò ẹgbẹ́ tó o, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù.

Windows 7 ló wà lórí ẹ̀rọ náà, èyí tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, Chrome tuntun kò sì gba inú rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá fi fláàṣì gbé Firefox 115 sí i, òun ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn tí Windows 7 lè lò. Wọ́n tún yọ àmì kan kúrò nínú Device Manager tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pa káàdì láti fi iná pamọ́, torí òun ló ń já wa sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá màmá ẹgbẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Ibi tí o ti ṣẹ̀ ẹ́ ni kí o ti bẹ̀ ẹ́." Níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kejì, kí a tó pe Ọ̀fà, mo dìde, mo ní èmi ni mo ti súwíìṣì náà pa, mo sì parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo dọ̀bálẹ̀. SS 2 kì í dọ̀bálẹ̀ fún JSS 2, mo mọ̀, àwọn kan tiẹ̀ pariwo. Ó ní, "Kò burú, síníọ̀." Ohùn rẹ̀ kò dùn, n kò sì dá a lẹ́bi. Mo ní kó wá jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù, òun ni yóò pe Ọ̀fà.

Nítorí náà, ojú rẹ̀ ni ìyá àgbà kọ́kọ́ rí. Aṣọ òfì yẹn náà ni wọ́n tún wọ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ina kwana, yaro?" Ẹnu ya gbogbo wa. Ọmọ náà dáhùn láìronú pé, "Lafiya lau, Mama!" Yàrá dà rú fún ẹ̀rín. Ọgbọ̀n ọdún ní Sabon Gari kò ṣeé gbàgbé. Wọ́n béèrè ìlú bàbá rẹ̀, ó ní Ìkìrun. Wọ́n béèrè oríkì rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kó sì padà wá jíṣẹ́ fún àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí iná tó lọ.

Ní ọjọ́ àbẹ̀wò, ó sáré wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ. "Síníọ̀, Àjàgbé ni wọ́n ní mò ń jẹ́." Mo ní kó tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà gbàgbé. Ó ní òun ti tẹ̀ ẹ́ sínú láptọ́ọ̀pù láàárọ̀, pé kí n wá wò ó bóyá àmì ohùn rẹ̀ tọ̀nà.