Ìrìn Wákàtí Kan

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá bi mí léèrè bí Kuala Lumpur ti jìnnà sí Síngápọ̀ tó, n ó dá yín lóhùn pé kò tó kìlómítà 300 lójú òfúrufú, èyíinì ni nǹkan bí ibùsọ̀ 185. Wákàtí kan ni ọkọ̀ òfúrufú fi ń rìn ín. Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀, òun ni ó sì kó mi sí ìyọnu.

Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa nígbà tí wọ́n kú. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò lè wá síbi ìsìnkú, a sì fi fìlà bàbá pamọ́ dè wọ́n. Ní ọdún kejì, èmi wà ní Kuala Lumpur tí mò ń kọ́ èdè Màlé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé pé àwọn ń ṣí lọ sí Ọsirélíà, pé àwọn yóò pààrọ̀ ọkọ̀ ní pápá Changi ní Síngápọ̀, láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ di agogo kan ọ̀sán. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí a ti fojú kan ara wa. Ọkọ̀ kan ń gbéra ní agogo mẹ́sàn-án. Mo ní bí mo bá kúrò nílé ní agogo méje, ó tó.

Háà! Pápá ọkọ̀ òfúrufú Kuala Lumpur kò sí ní Kuala Lumpur. Sepang ni ó wà, ó fi bí 50 kìlómítà jìnnà sí ìgboro. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tí í fi ìṣẹ́jú 28 dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí owó, bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀. Kí n tó débẹ̀, ọkọ̀ agogo mẹ́sàn-án ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún owó san fún ti agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Wọ́n ní kí n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n tú u wò. Mo gbé e, mo rìn díẹ̀, ẹlòmíràn tún ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí n bọ́ bàtà àti ìgbànú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Ibùsọ̀ tí a fi ń pe máìlì yìí, ibi tí alárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi ni lẹ́nu àwọn baba wa. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ èdè ka ibùsọ̀ 185, n kò ka iye ìgbà tí n ó sọ ẹrù.

Ọkọ̀ kò tíì gòkè tán tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nílẹ̀. Oko ọ̀pẹ lọ súà nísàlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi okùn tò ó. (Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti gbé ọ̀pẹ náà lọ síbẹ̀.)

Agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó rí ẹ̀gbọ́n mi. Wákàtí márùn-ún gbáko! Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Kuala Lumpur, tí ó gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là kọjá omi Johor ní 1924, kò ní fi púpọ̀ pẹ́ jù mí lọ.

"Ẹ káàbọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

"Àbúrò mi, o rù o. Kí ni bàbá sọ kẹ́yìn?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú. Mo yọ fìlà jáde. Wọ́n yí i lọ yí i bọ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dé e.

"Ṣé ò ń rí oúnjẹ gidi jẹ níbẹ̀?"

Mo ní mò ń rí i jẹ. Ni wọ́n bá ń ké sí àwọn èrò ọkọ̀ wọn. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, mo sì rí i tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní kí wọ́n ṣí fìlà, tí ẹ̀gbọ́n mi rọra gbé e sínú àwo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbànú wọn.