Àwa Tí Wọ́n Fi Bíró Pupa Máàkì

Àwa ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ajásin, a mọ ara wa. Àwa la wà nílé ìwé nígbà tí Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, tí ìjọba rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpèlé, ní Ifọ̀n, ní Ìdóànì, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Orí stencil ni tísà ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò wa, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ Gestetner yí i jáde, yíǹkì dúdú á sì máa lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí èsì bá jáde, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. A ó fi ìka tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àyà wa á máa já, títí a ó fi kan orúkọ wa.

Bí máàkì tí a rí kò bá jọ iṣẹ́ tí a ṣe, a mọ ẹni tí a ó lọ bá. A ó kúnlẹ̀ níwájú tísà, a ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún ìwé mi wò." Tísà á yọ ìwé náà nínú àpótí, á fi bíró pupa tọ̀ ọ́ láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ òun ló ṣì í kà, á fa ìlà lu máàkì ti tẹ́lẹ̀, á kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì buwọ́ lù ú. Bó bá jẹ́ àwa la kùnà, á fi ibẹ̀ hàn wá. Èyí ó wù kó jẹ́, a rí ojú ẹni tó dá wa lẹ́jọ́, a sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ di olùkọ́, ohun tí mo fẹ́ ká rántí nìyẹn. Nítorí àwa tí wọ́n fi bíró pupa máàkì náà la gbé ìdánwò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

A ò fara balẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ti ilé ìwé pa jákèjádò Nàìjíríà ní oṣù Kẹta 2020, ọ̀pọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi WhatsApp kọ́ni, ó kan Google Classroom, ó wá kan pọ́tàlì. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún jókòó ti ọmọ bíbí inú rẹ̀ pé kó wá fi òun mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìbéèrè síbẹ̀. Ojú kì í ti ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, máàkì tí yóò bá ọmọ ọlọ́mọ dálẹ́ la ń fún wọn.

Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ni. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo gbé sórí pọ́tàlì, mo ṣètò rẹ̀ pé kó ṣí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Aago mẹ́sàn-án lù, kò ṣí. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọkùnrin kan pè mí láti Ifọ̀n. Iná ò sí ládùúgbò wọn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì fóònù fún gbogbo ayé ló ti sanwó ṣáàjì tirẹ̀ lálẹ́ àná. Dátà rẹ̀ ń jó, bátìrì rẹ̀ ń wálẹ̀, èmi náà ò sì rí nǹkan kan sọ fún un. Aago mẹ́wàá géérégé ni pọ́tàlì ṣí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé aago Greenwich ló ń tẹ̀ lé, aago tiwa ní Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú ìyẹn. Ó ní ibì kan tó yẹ kí n ti yí i sí ti Èkó, mi ò débẹ̀ rárá. Ọmọ Ifọ̀n yẹn dáhùn ìbéèrè mọ́kànlá nínú ogún kí fóònù rẹ̀ tó kú. Pọ́tàlì gba ohun tó rí, ó sì tilẹ̀kùn.

Ti ìyẹn hàn sí gbogbo ojú, nítorí náà ó yá láti tún ṣe. Ọmọ náà wá bá mi ní Ọ̀wọ̀, mo fún un ní ìbéèrè mìíràn lórí bébà. Èyí tó tẹ̀ lé e ló dùn mí dé egungun, torí kò hàn sí ẹnikẹ́ni.

Ogún ìbéèrè ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, àrànmọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ ìdáhùn tó tọ̀nà sínú pọ́tàlì, mo fi àmì ohùn sí i bó ṣe yẹ, mo ní kó máa bá mi máàkì. Èsì jáde lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Ìdóànì, tó jẹ́ pé òun ló mọ gírámà jù ní kíláàsì, gba mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo pè é. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó wolẹ̀. "Ẹ̀rọ ló máàkì ẹ̀, mà. Mo wá rò pé bóyá mi ò tiẹ̀ mọ Yorùbá tó bí mo ṣe rò."

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì ti wọ́.

Mo ṣí ìwé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo sì mú lẹ́tà rẹ̀ tóbi títí ọ̀kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ẹ̀rọ. Àrà tó wà níbẹ̀ nìyí. Nínú ìdáhùn tí èmi tẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ lẹ́tà rí roboto bíi hóró ọkà bàbà: ọ. Nínú tirẹ̀, igi tín-ínrín kan ló dúró ṣánṣán sábẹ́ lẹ́tà: o̩. Àwa tí a ń ka Yorùbá kì í bi ara wa léèrè èwo ni èwo. Àwọn kan ń kọ ti àkọ́kọ́ yẹn, àwọn kan ń kọ ti ìkejì, ọ kan náà la ń kà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, nọ́ńbà tí ó sì fún ìkíní yàtọ̀ sí èyí tí ó fún ìkejì. Lójú tirẹ̀, ọmọ yẹn ti kọ ọ̀rọ̀ tí kò sí láyé. Àwọn tí kíbọọ̀dù fóònù wọn kò tilẹ̀ ní àmì, tí wọ́n tẹ "oro-oruko" lásán, òdo ni wọ́n gbà. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kan tó kọ "owó" bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn gba òdo pẹ̀lú. Tísà tó ń fi bíró pupa máàkì ì bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, ì bá kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọmọ lè mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè àti èdè àjùmọ̀lò.

Ẹ̀rọ ò ṣèké. Ohun tí mo fi lé e lọ́wọ́ ló fi wọn ọmọ.

Ohun kan náà ló sì ṣẹlẹ̀ ní gbangba ní 2025, lọ́nà tó tóbi ju ti kíláàsì mi lọ fíìfíì. Láti 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá. Lọ́dún 2025, wọ́n fẹ́ dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń jíwèé wò, wọ́n wá ń da ètò ìdáhùn rú mọ́ra, kí ti ọmọ kan má bàa jọ ti ẹnì kejì. Àtúnṣe tó yẹ kó wà lórí sáfà kí máàkì lè bá ètò tuntun náà mu kò dé orí àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ìlà-oòrùn gúúsù. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, ọmọ 379,997 ló sì kàn. Igbe àwọn ọmọ àti òbí ló jẹ́ kí wọ́n tú u wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó gbà pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tó kan WAEC. Àwọn náà pín ìbéèrè wọn sí oríṣiríṣi ètò nítorí olè ìdánwò, fáìlì kóòdù tí kì í ṣe èyí tó yẹ ni wọ́n sì lò fún Gẹ̀ẹ́sì, apá tí ọmọ ti ń mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní oṣù Kẹjọ, iye àwọn tó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò kúrò ní 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 62.96. Láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn ni àwọn ọmọ tó yege wà, tí wọ́n ti sọ fún pé wọ́n kùnà. Ọ̀pá tí a gbé láti fi lé olè ló ba onílé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ: ká padà sórí bébà. Bébà náà ní àrùn tirẹ̀. Àwa la mọ expo kó tó di ohun tí wọ́n ń fi fóònù pín. Mo sì mọ iye owó mọ́tò tí ọmọ Ìdóànì kì í ná mọ́ láti ìgbà tí ìdánwò kékeré ti lè bá a nílé. Mi ò ní kí a padà. Àwọn mìíràn nínú wa ní, "Ẹ̀rọ ló ṣe é, nẹ́tíwọọ̀kì ni." Èyí ni mo ń bẹ̀ wá pé ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ wa báyìí kò bá pátákó èsì láyé. Bí ẹ̀rọ bá ní wọn ò mọ̀wé, wọ́n á gbà. Àwa nìkan la ṣì rántí pé ẹnì kan lè tún ìwé wò, pé èèyàn kan ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lu máàkì.

Nítorí náà, ní ọjọ́ méjì kí ìdánwò tó dé, mo ń fún wọn ní ìbéèrè kan tí kò ní máàkì, kí kálukú fi dán fóònù rẹ̀ wò. Mo ń jẹ́ kí pọ́tàlì ṣí láti àárọ̀ di alẹ́, kí ọmọ lò ó ní wákàtí tí iná àti nẹ́tíwọọ̀kì bá wà ládùúgbò rẹ̀. Mo ń tẹ gbogbo ìdáhùn ọlọ́rọ̀ kan jáde sórí bébà, mo sì ń fi ojú ara mi kà á kí èsì tó jáde. Abẹ́ èsì ni mo ń kọ orúkọ mi sí, pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n lè wá bá mi.

Lọ́jọ́ tí mo tú àṣírí lẹ́tà méjì yẹn, mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní, "Àṣìṣe mi ni. Ẹ má bínú." Mo pín ìwé tí mo tún máàkì fún wọn. Ti ọmọ Ìdóànì ti di mẹ́tàdínlógún. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí àwa ti ń ṣe níjọ́ sí. Nígbà tó dé nọ́ńbà kẹrìnlá, ìka rẹ̀ dúró. Ó dìde, ó mú ìwé náà wá síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí ò tọ̀nà. Kò yẹ kí n gbà á."

Mo wò ó. Òótọ́ ló sọ. Mo fa ìlà lu mẹ́tàdínlógún, mo kọ mẹ́rìndínlógún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo sì dá ìwé náà padà fún un.