Ẹ̀yìn Fọ́tò

Láyé àwọn ọ̀gá wa onífọ́tò, fọ́tò ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. Níwájú ni ìyá ìyàwó jókòó sí, tó gbọ́wọ́ lé itan kí aago ọwọ́ rẹ̀ lè hàn. Lẹ́yìn ni sítáḿpù wà: orúkọ sítúdíò, àdúgbò, Ìkéré-Èkìtì. Ọ̀gá mìíràn a tún fi bírò kọ ọjọ́ tó yà á. Kí fọ́tò náà dé Kánò, kó lo ogún ọdún nínú àpótí, ẹni tó bá yí i padà mọ ibi tí òun yóò ti béèrè négátíìfù.

Fọ́tò tí à ń gbé sórí Instagram àti Facebook kò ní ẹ̀yìn. Kámẹ́rà mi ń kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ mi sínú fáìlì. Bó bá ti wọlé sọ́hùn-ún, wọ́n á dín in kù, wọ́n á sì yọ púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn kúrò nínú èyí tí aráyé ń rí. Kó tó dalẹ́, fọ́tò ọdún Olósùnta ìlú wa tí mo yà láàárọ̀ ti wà lórí fóònù àwọn tí n kò mọ̀. Mo ti bá ọ̀kan pàdé lára pátákó ìpolówó rí, orúkọ ẹlòmíì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú bí mi, àmọ́ ibo lẹni tó lò ó ì bá ti rí orúkọ mi?

Ìlú wa ti rí irú èyí. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà, ọba Ìkéré. Ní 1924 wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley. Ó wu àwọn ará British Museum débi pé wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ ọba. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago báyìí. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ orúkọ sára iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀, ó ń ka àwọn ìlú tó ti ṣiṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton sì gbà á sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tọ́jú igi. Inú ilé Ọlọ́wẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú orúkọ.

Ohun tí mo fi ṣí ìkànnì tèmi nìyẹn. Mo ra orúkọ tó parí sí .ng, mò ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, mo kọ ibi tí mo ti yà á, ọjọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe, àti orúkọ ẹni tó bá gbà kí n kọ ọ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń kùn: “Ọ̀gá, ṣé ti onígángan náà ni?” Tirẹ̀ gan-an ni. Kó padà lọ béèrè.

Èrò kò wọ́ wá síbẹ̀ o. Ìyàwó tuntun kì í tẹ àdírẹ́sì ìkànnì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp” ló ń wí. Nítorí náà n kò kúrò lọ́jà Facebook, Instagram àti WhatsApp: ibẹ̀ ni mo ti ń rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà 2021, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákú pa pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ọdún yẹn kan náà nìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti oṣù Òkúdù títí wọ Ṣẹẹrẹ 2022.

Ìkànnì tèmi náà lè kú. Bí n kò bá sanwó lọ́dún kan, orúkọ náà bọ́ nìyẹn. Ikán ló jẹ négátíìfù ọ̀pọ̀ ọ̀gá wa. Kò sí ilé tí kì í bẹ̀bẹ̀ fún àmójútó. Mo ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lórí háàdì dískì méjì, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Èmùrẹ́, mo sì ti fi páásíwọ́ọ̀dù hàn án. Ó ní òun á máa san owó ọdọọdún náà bí n kò bá sí mọ́, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ wá orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò ìgbéyàwó òun.